Ṣé Kí Ọmọ Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Nílé Ṣì Máa Kọ́ Gírámà ní SS? Ìbéèrè Àwọn Òbí àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn òbí ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé, láti Kabba dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Ìsánlú, tí ọmọ wọn sì ti kọjá JSS3. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti Yorùbá wà nísàlẹ̀.

Ọmọ mi ti ń ka gírámà láti praimárì títí ó fi jáde JSS3. Kí ló tún kù?

Ó lè máà ku nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló kù. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń sọ ọ́, kíláàsì kọ́ sì ni. Ìwé tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń sọ ọ́. Ọmọ lè ka òfin "s" ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe bí ẹni ń ka sáàmù, kó tún kọ "My father go to the farm every Friday" lójú ewé kan náà. Òfin wà lórí rẹ̀, kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ra ìwé gírámà mìíràn fún un, òfin kan náà ló máa bá níbẹ̀, yóò gba gbogbo ìdánrawò rẹ̀, àròkọ rẹ̀ kò sì ní yí padà.

Ohun tó jẹ́ tuntun gan-an ní SS kò pọ̀: orúkọ àti iṣẹ́ awẹ́ gbólóhùn, ìbámu olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe níbi tó ti lọ́jú pọ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń so mọ́ ìdí gbólóhùn, bí a ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, àti gbólóhùn "if". Ọmọ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró lè parí wọn ní táàmù méjì. Ìyókù, ìlò ni.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tó dúró sí?

Ẹ gba ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan: lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, ìtàn kan, àti àròkọ kan tó ti máa gbe ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan tàbí tako ó. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàárín ọ̀rọ̀ 300 sí 450, kó fi bírò kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 45, kí fóònù má sì sí nítòsí.

Nígbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kàn fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ṣì, kí ẹ dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ tún ṣe, ìkánjú ló fà á. Gírámà kì í wo ìkánjú sàn, àtúnkà ló ń wò ó. Èyí tó bá tẹjú mọ́ tí kò rí ohun tó burú níbẹ̀, òun gan-an ni ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn nótúbúùkù, kí irú àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ìbámu, àsìkò, ẹyọ àti ọ̀pọ̀, àmì ìdánudúró, sípẹ́lì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo àṣìṣe inú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wo iye tó bọ́ sí ọ̀rọ̀ 100. Tí kò bá tó 2, ẹ dá ẹ̀kọ́ gírámà dúró, ẹ jẹ́ kó máa kàwé kó sì máa kọ̀wé. Tó bá wà láàárín 2 sí 5, irú àṣìṣe mẹ́ta tó pọ̀ jù nìkan ni kí ẹ mú. Tó bá ju 5 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ láìtijú, kódà bó ti wù kó wà ní SS2. Àjọ kankan kọ́ ló ṣe òdiwọ̀n yìí, àmọ́ ẹ wo bí WAEC ṣe ń yọ máàkì, ẹ ó rí ibi tó ti wá.

Máàkì mélòó wá ni gírámà ń gbé wá nínú ìdánwò?

Pépà mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì WAEC ní. Pépà 1 jẹ́ ìbéèrè ọ̀bújẹ́ẹ̀tífù 80 ní wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pépà 2 gba wákàtí méjì: àròkọ ní máàkì 50, àkàyé ní 20, kíkékúrú àyọkà ní 30. Pépà 3 ni ti ohùn ẹnu, ìbéèrè 60 ní ìṣẹ́jú 45.

Ẹ wo àròkọ. Wọ́n pín 50 yẹn sí mẹ́rin: kókó ọ̀rọ̀ 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àìṣìkọ 10. Lábẹ́ àìṣìkọ, ìdajì máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ títí 10 náà á fi tán. Ọmọ tó ń ṣe àṣìṣe 4 nínú ọ̀rọ̀ 100 á ti ní 18 kó tó kọ 450 tán. 9 ti lọ nínú 10 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín kọjá bó ṣe yẹ. Mẹ́wàá péré ni. Ogún wà lábẹ́ ìlò èdè, níbi tí wọ́n ti ń wo bóyá ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, bóyá gbólóhùn ń yí padà. Ọmọ tí wọ́n ti fi gírámà há láyà, tó wá ń kọ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́fà mẹ́fà kó má bàa ṣì, á gba 10 yẹn tán, á sì fi ìdajì 20 sílẹ̀. Ibi tí òbí tó le jù ti ń ṣe ọmọ níbi nìyí.

Ti JAMB yàtọ̀. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 nínú wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àyè láti ronú òfin. Etí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé kíkà ló sì ń fúnni ní etí.

Àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa, kí ló sì ń fà á?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ti inú Yorùbá wá, ẹni tó bá mọ orísun rẹ̀ ló ń tètè wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà. Mo lọ lánàá, mo máa ń lọ, ó lọ: "lọ" kan náà ni. Ọmọ á wá kọ "Yesterday we go to Kabba." Nígbà tí wọ́n bá bá a wí títí, á bọ́ sódì kejì: "He did not came", torí ó ti gbọ́ pé ohun tó ti kọjá gbọ́dọ̀ fara hàn, kò sì mọ̀ pé "did" ti gbé e. Ẹ kọ́ ọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni gbólóhùn ń ru àsìkò, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ń rù ú.

"Ó" wa kò yan ọkùnrin, obìnrin tàbí ewúrẹ́. Ìdí nìyí tí "he" àti "she" fi ń pààrọ̀ ara wọn nínú àròkọ tó gùn. Ọmọ mọ ìyàtọ̀ wọn o, ìyára ló ń gbé e ṣubú. Kó fi bírò mìíràn yí gbogbo "he", "she", "his", "her" ká nígbà àtúnkà, kó sì fa ìlà sí ẹni tó ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò ní nílò rẹ̀ mọ́.

"Àwọn" ń ṣe ọ̀pọ̀ fún wa, tí nọ́ńbà bá sì ti wà, a kì í sábà lò ó: ewúrẹ́ méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni "two goat" ti ń wá. Ní ìdàkejì, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọn kì í kà ní ọ̀kan, méjì, irú "advice", "furniture", "equipment", "information", "luggage". Ọmọ á fi "s" sí gbogbo wọn torí pé ó lè ka àga àti àpótí lójú ara rẹ̀. Kò sí òfin tó máa gbà á níbí. Kó há wọn sórí, àwọn tí ìdánwò máa ń béèrè kò pọ̀.

"Tan iná", "pa iná" ló bí "on the light" àti "off the light". "Gbọ́ òórùn" ló bí "I am hearing the smell". "Wọ́n ń pè ọ́" ló bí "They are calling you" nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe èèyàn.

Ìbéèrè ìdí gbólóhùn wá nìyí. "Àbí?" kan ṣoṣo tó wa fún gbogbo ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń yí tirẹ̀ padà: "She can swim, can't she?", "You haven't eaten, have you?", "Let's go, shall we?" JAMB àti WAEC fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìdánrawò mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́nu kì í ṣe nínú ìwé, ló ń yanjú rẹ̀.

Ìbámu níbi tó lọ́jú pọ̀ ni kí ẹ fi àkókò sí jù. "The list of items is", "are" kọ́, torí "list" ni olùwà. "The chief, as well as his wives, has arrived", torí "as well as" kò sọ ẹnì kan di méjì. "Neither the boys nor their father was there", torí èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń darí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan náà ló ń gba gbogbo wọn: kó wá ọ̀rọ̀-ìṣe, kó bi í pé "ta ni?", kó fi ìka bo gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ti "neither… nor" nìkan ni ìka kò lè gbà.

Ṣé dandan ni kí ọmọ mọ orúkọ awẹ́ gbólóhùn? Èmi kò lò ó rí láyé mi.

Láyé, rárá. Nínú WAEC, bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè àkàyé Pépà 2 máa ń fa apá kan yọ nínú àyọkà, á sì béèrè orúkọ gírámà rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Máàkì tó rọrùn ni fún ẹni tó mọ ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń fò ó.

Kó kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní olùwà nínú apá tí wọ́n fà yọ. Tó bá wà, awẹ́ gbólóhùn ni, "clause". Tí kò bá sí, àpólà ni, "phrase". Lẹ́yìn náà, kó wo ohun tí odindi apá náà ń ṣe:

- Tó bá ṣeé fi "it" rọ́pò, ti ọ̀rọ̀-orúkọ ni. "The farmer said that the rain had stopped": á kọ "noun clause", á sì kọ "object of the verb 'said'".
- Tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń sọ èwo nínú wọn, ti àpèjúwe ni. "The yams which we planted in Bunu rotted": "adjectival clause, it qualifies the noun 'yams'".
- Tó bá ń sọ ìgbà, ibi, ìdí tàbí bí nǹkan ṣe rí, ti àpọ́nlé ni. "When the cashew season ended, the traders left": "adverbial clause of time, it modifies the verb 'left'".

Ibi méjì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, ọmọ á kọ "object of the verb" láìdárúkọ ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ìdáhùn tí kò pé nìyẹn. Èkejì, "that" máa ń tan ni jẹ. Nínú "the news that he brought", àpèjúwe ni, torí àyè kan ṣófo lẹ́yìn "brought": ìròyìn yẹn gan-an ló mú wá. Nínú "the news that he had died", kò sóhun tó ṣófo. "That he had died" ni ìròyìn náà fúnra rẹ̀, nítorí náà "noun clause" ni, "in apposition to the noun 'news'". Kó máa bi ara rẹ̀ pé ṣé àyè kan ṣófo. Tí kò bá sí àyè tó ṣófo, ti ọ̀rọ̀-orúkọ ni.

Ẹ fi ìjókòó mẹ́fà sí méje kọ́ ọ, kí ẹ máa fa àpẹẹrẹ yọ nínú ohunkóhun tó bá ń kà. Kò nílò ọdún kan. Àwọn tó ń fi ọdún méjì ya àwòrán gbólóhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yà á lọ.

Ìgbà mélòó lọ́sẹ̀?

Fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 25. Fún ẹni tó ń tọ́jú àṣìṣe mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Kí ìṣẹ́jú 10 jẹ́ àlàyé àti ìdánrawò, kí 15 tó kù jẹ́ gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Àṣìṣe kan lọ́sẹ̀ méjì; ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà oko náà. Láti oṣù kejì dé ìkẹrin, kàṣú ló ń gba ọwọ́ àti ọkàn gbogbo ilé, ìgbà yẹn náà sì ni UTME, ìdánwò JAMB, sábà máa ń dé. Ẹ̀kọ́ tó wúwo, irú awẹ́ gbólóhùn, kó parí kó tó di Kérésì. Lásìkò kàṣú, ẹ má fi ju ìbéèrè ọ̀bújẹ́ẹ̀tífù 20 lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aago.

Ìwé wo ni ká rà?

Ọ̀kan. Kó ní ìdáhùn lẹ́yìn, kó sì ní ìdánrawò tó pọ̀ ju àlàyé lọ. Ẹ fi àkójọ ìbéèrè àtijọ́ WAEC kún un, kí ẹ sì yẹ ìdáhùn inú rẹ̀ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ kiri ọjà máa ń ní ìdáhùn tó ṣì.

Èmi gan-an kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe ìdajì rẹ̀. Ẹ lè mú aago, ẹ lè fi ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé wé tirẹ̀, ẹ sì lè ní kó ka àròkọ rẹ̀ sókè. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni fífa ìlà sábẹ́ àṣìṣe. Ẹ wá ẹni tó máa ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì: tíṣà tó ń ṣe "lesson", tàbí àgùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó gbà á, ẹ fún un ní àròkọ ojú ewé kan kó yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Tó bá kàn kọ 6/10 sísàlẹ̀ láìfa ìlà kankan, ẹ kí i dáadáa kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ tún lè fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ tó mọ olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ nínú "Bàbá ra kẹ̀kẹ́" á rí wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì kíákíá.

Áàpù tó ń tún gírámà ṣe lórí fóònù ńkọ́?

Ó dára fún lẹ́tà iṣẹ́. Fún ọmọ tó ń kọ́ èdè, ó ń bo egbò mọ́lẹ̀: àṣìṣe ń parẹ́ lójú ìwé, kò parẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Kó kọ ọ́ pẹ̀lú bírò, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù láti wo ohun tó fò ó.

Ti ohùn ẹnu, ṣé ó tún jẹ́ gírámà?

Kì í ṣe gírámà, ṣùgbọ́n òun náà ní pépà tirẹ̀, ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń gbàgbé rẹ̀. Yorùbá kò ní ìró "v", "z" àti "th", nítorí náà "van" ń di "fan", "zip" ń di "sip", "thin" ń di "tin". "P" tiwa pàápàá kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀yìn ọ̀nà ẹnu àti ètè ló jọ ń pe tiwa, ètè nìkan ló ń pe tiwọn. "Ship" àti "sheep" tún wà, torí gígùn fáwẹ̀lì kò ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wa. Ìtẹnumọ́ sílébù ló le jù: "EXport" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "exPORT" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú atúmọ̀ èdè tó ní àmì ìpè, ti tó.

Ilé-ìwé wo ló máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-ìwé kankan á ṣe ìdánwò aládàáni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní GCE, ti WAEC tàbí ti NECO. Láti 2024 ni WAEC ti ń lo kọ̀ǹpútà fún ti aládàáni: ọ̀bújẹ́ẹ̀tífù wà lórí kọ̀ǹpútà, àròkọ ṣì jẹ́ lórí ìwé. Nítorí náà, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ máàsì àti kíbọ́ọ̀dù ṣáájú, kí ìṣẹ́jú-àáyá 45 yẹn má bàa lọ sórí wíwá ibi títẹ̀.

Ṣé kó ṣe Yorùbá náà? Ilé ló ti ń sọ ọ́.

Ohun tó ń sọ nílé ni Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò ń béèrè, arọ́pò-orúkọ àti àmì ohùn rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹ má ṣe bá a wí lórí ẹ̀ka-èdè rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kó máa kọ èyí tí ìwé ń kọ nígbà tó bá jókòó sí ìdánwò, kó sì máa sọ tiwa níbi tiwa.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àkọtọ́ òde òní, ti 1974, ni kó mọ̀ dunjú, torí Bíbélì àti ìwé orin tó wà nílé lè jẹ́ ti àtijọ́: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n", "yio" di "yóò", "nigbati" di "nígbà tí", "gẹgẹbi" di "gẹ́gẹ́ bí". Lẹ́yìn ìyẹn, sílébù àti àmì ohùn, ìpajẹ (ra ẹran di rẹran), àrànmọ́ (ará ilé di aráalé), ìsọdorúkọ, àti gbólóhùn alátẹnumọ́ (Ọmọ náà jẹ iṣu, Iṣu ni ọmọ náà jẹ). Àmì ohùn ló máa ń gbé ọmọ ṣubú. Kó máa fi àmì sórí ìpínrọ̀ kan lójúmọ́ láti inú ìwé tó ti ní àmì, tí ẹ ti dà á kọ láìfi àmì sí i, kó sì fi wé ti ìwé náà fúnra rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ́ ọn.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀, kò fẹ́ fásitì. Ká jáwọ́ bí?

Ẹ jáwọ́ nínú orúkọ awẹ́ gbólóhùn. Ẹ má jáwọ́ nínú àsìkò, ìbámu, àti lẹ́tà. Yóò máa kọ ìwé iye owó fún oníbàárà, yóò máa dáhùn lórí WhatsApp, ó sì lè padà forúkọ sílẹ̀ fún GCE lọ́jọ́ iwájú.

Ìgbà wo la máa mọ̀ pé ó tó?

Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ tún gba ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Tí kò bá tó àṣìṣe 2 nínú ọ̀rọ̀ 100 ní táàmù méjì tó tẹ̀léra, tó sì ń gba 60 nínú ìbéèrè 80 láàárín wákàtí kan, ẹ gbé ìwé gírámà padà sórí ṣẹ́ẹ́fù. Àròkọ kan lọ́sẹ̀ ló kù, títí di ọjọ́ ìdánwò.